Pápá Ìṣeré Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà: Ta Ni Wọ́n Ń Tọ́jú Rẹ̀ Fún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn pápá ìṣeré bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà mu gidigidi. Nínú ọgbọ̀n ikọ̀ tí ó ń kópa nínú ìdíje àgbà ilẹ̀ náà, méjì péré ni ó ṣì ń ṣeré nínú pápá tí wọ́n kọ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni Red Sox ti ìlú Boston, tí ilé wọn ń jẹ́ Fenway Park, tí wọ́n ṣí ní 1912. Èkejì ni Cubs ti ìlú Chicago, tí wọ́n wà ní Wrigley Field, tí wọ́n ṣí ní 1914. Ẹ̀kẹta wọn, Rickwood Field ní ìlú Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, nítorí 1910 ni wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n kò sí ikọ̀ ìdíje àgbà kankan tí ó fi í ṣe ilé.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ eré yìí ti ń jiyàn lórí èwo nínú àwọn àgbà pápá wọ̀nyí ni ó dùn ún jókòó sí jù. Àwọn kan á ní Boston ni, àwọn mìíràn á búra pé kò sí ibi tí ó dà bí Chicago. Àríyànjiyàn náà dùn, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wúwo ju ọ̀rọ̀ adùn lọ: nígbà tí wọ́n bá ná owó rẹpẹtẹ láti gba ilé àtijọ́ là, ta ni wọ́n gbà á là fún? Ṣé ẹni tí bàbá rẹ̀ mú wá síbẹ̀ láti ìgbà èwe ni, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ra ìtàn tí kò bá wọn dá sí?

Kí ẹni tí kò mọ eré náà tó lè lóye ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí ó mọ ohun kan nípa bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le kankan, ẹlòmíràn a sì máa fi igi gbá a. Bí ẹni tí ó gbá a bá sáré yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po láìjẹ́ pé wọ́n mú un, ó gba ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá sì fò kọjá ògiri tí ó wà ní ìpẹ̀kun pápá, kò sí ẹni tí yóò lé e mọ́. Ẹni tí ó gbá a a máa rìn gbẹ̀fẹ́ wá sílé. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni ó sì máa ń wà láàárín ọ̀kan sí òmíràn. Ti bésíbọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin so ìwọ̀n àárín pápá mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ògiri ìpẹ̀kun yóò dúró sí àti bí yóò ṣe ga tó yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù kan náà tí ó di ayò ní ìlú kan lè di òfo ní ìlú mìíràn. Pápá fúnra rẹ̀ ń bá wọn ṣeré. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì máa ṣe eré 162 lọ́dún, tí 81 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilé. Ibi tí ènìyàn bá ń lọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà kì í ṣe gbọ̀ngàn àlejò mọ́. Ó ti di ìyẹ̀wù ilé ẹni. Ìdí nìyí tí wíwó pápá kan fi máa ń dun àwọn ènìyàn yìí bí ẹni pé wọ́n wó agboolé bàbá wọn.

Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù láàárín pápá àtijọ́ àti tuntun wà lára òpó. Ní ayé ìgbà tí wọ́n kọ́ Fenway àti Wrigley, òpó irin ni wọ́n máa ń rì sí àárín àwọn àga kí ó lè gbé òrùlé àti àjà òkè ró. Ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn òpó náà lè má rí ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù rárá, yóò wá máa na ọrùn bí ògòǹgò. Tíkẹ́ẹ̀tì irú àga bẹ́ẹ̀ a máa gbé ìkìlọ̀ pé nǹkan dí ojú. Àwọn tí ó kọ́ pápá ìgbàlódé yọ òpó kúrò, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni iye tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò sí òpó mọ́, àjà òkè ní láti sún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tún ki yàrá àwọn olówó sí àárín àjà ìsàlẹ̀ àti tòkè, àjà òkè tún gun òkè sí i. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wá dà bí ẹni tí ó ń wo ọjà láti orí Olúmọ: ó rí i pé ènìyàn ń rìn, kò mọ ẹni tí ó jẹ́.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú pápá àtijọ́, òǹwòran lè gbọ́ bí igi ṣe dún nígbà tí ó bá bọ́ọ̀lù pàdé, ó lè rí ìbínú lójú ẹni tí ó kùnà, ó sì lè gbọ́ bí àwọn òṣèré ṣe ń ké sí ara wọn. Òpó tí ó dí ojú ènìyàn díẹ̀ ni ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sún mọ́ pápá. Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀n pápá méjì wò, kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìtìmùtìmù àga àti adùn oúnjẹ.

Ní Fenway, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń gba ojú ni ògiri aláwọ̀ ewé tí ó wà ní apá òsì. Gíga rẹ̀ ju mítà 11 lọ. Òpópónà Lansdowne ni ó fà á: ilẹ̀ kò gbà wọ́n láti sún ògiri sẹ́yìn, wọ́n bá fi gíga dí àlàfo náà. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní orúkọ àǹjọ̀nnú, orúkọ náà sì rò ó, nítorí bọ́ọ̀lù tí ìbá di ayò níbòmíràn a máa lu ògiri yìí bọ́ sílẹ̀, nígbà tí èyí tí ìbá jẹ́ òfo níbòmíràn a máa rọra gorí rẹ̀ kọjá. Ní ìsàlẹ̀ ògiri ni pátákó èsì wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sínú ògiri tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé nọ́ńbà kọ́ títí di òní. Láàárín àwọn àga aláwọ̀ ewé tí ó wà ní apá ọ̀tún, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó pupa. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí Ted Williams gbá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà 1946 balẹ̀ sí, ìrìn ẹsẹ̀ bàtà 502 ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ó sì dá ihò sí fìlà koríko ọkùnrin kan tí ó jókòó síbẹ̀. Ọmọdé tí ó bá béèrè ìdí tí àga yẹn fi pupa ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn láìmọ̀.

Fenway há, ó há púpọ̀. Àwọn àga onígi kan níbẹ̀ ti wà láti 1934, ara ènìyàn ìgbà yẹn ni wọ́n sì fi wọ̀n wọ́n. Eékún ẹni tí ó wà lẹ́yìn a máa gún ẹni tí ó wà níwájú. Àwọn àga kan ní apá ọ̀tún kò tilẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àárín pápá ni wọ́n kọjú sí, tí ọrùn òǹwòran yóò fi ro ó kí eré tó parí. Síbẹ̀, ìfúnpọ̀ yìí gan-an ni ó ń mú kí ariwo gbóná. Bí ìbẹ̀rù bá mú ẹnì kan ní Fenway, ó mú gbogbo wọn.

Wrigley ní tirẹ̀ dà bí àgbàlá àdúgbò. Ilé gbígbé ni ó yí i ká, ojú irin rélùwéè kò jìnnà sí i, láti ọdún pípẹ́ sì ni àwọn ènìyàn ti ń gun òrùlé ilé òdì kejì òpópónà láti wo eré. Itakùn bo ògiri bíríkì tí ó wà ní ìpẹ̀kun pápá. 1937 ni wọ́n gbìn ín, ọdún kan náà tí wọ́n gbé pátákó èsì ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí sókè. Bí bọ́ọ̀lù bá há sínú ewé, ẹni tí ó ń lé e a gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, adájọ́ a sì dá eré dúró. Bí Cubs bá borí, wọ́n a ta àsíá funfun tí wọ́n kọ lẹ́tà W sí, kí ẹni tí ó ń kọjá nínú ọkọ̀ ojú irin lè mọ èsì kí ó tó délé. Bí òṣèré àlejò bá gbá bọ́ọ̀lù sáàárín àwọn òǹwòran ẹ̀yìn ògiri, àṣà ibẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó mú un jù ú padà sínú pápá, bí ẹni pé ẹ̀bùn ọ̀tá ni. Títí di oṣù Kẹjọ 1988, kò sí iná fún eré alẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ oòrùn ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo eré ilé. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wo Cubs ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní láti mọ irú irọ́ tí yóò pa fún ọ̀gá rẹ̀.

Rickwood kò ní ọrọ̀ àwọn méjì yìí. Rick Woodward, tí ìdílé rẹ̀ là nídìí iṣẹ́ irin, ni ó kọ́ ọ. Barons, ikọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, àti Black Barons, ikọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n jọ ń lò ó ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ ṣeré pọ̀ ní Birmingham. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọjọ́ Barons, apá ọ̀tún níta, lábẹ́ oòrùn, ni wọ́n máa ń há àwọn òǹwòran aláwọ̀ dúdú mọ́. Nígbà tí ó bá kan Black Barons, ọ̀rọ̀ a yí padà, àwọn dúdú a sì jókòó sábẹ́ òrùlé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀pọ̀ wọn a máa ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà pẹ̀lú aṣọ ìjọ́sìn lọ́rùn. Ìwọ̀nba wákàtí yẹn nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi jẹ́ onílé nínú ìlú tí ó ń pè wọ́n ní àlejò. Lórí pápá yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan, Willie Mays, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nídìí eré náà ní 1948, kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ nínú ìtàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹfà 2024, ìdíje àgbà gbé eré kan wá sí Rickwood láti bu ọlá fún àwọn ikọ̀ aláwọ̀ dúdú ìgbà náà: Giants ti San Francisco pẹ̀lú Cardinals ti St. Louis. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni Mays dágbére fáyé, ní ẹni ọdún 93. Reggie Jackson, tí òun náà ṣeré ní Birmingham ní 1967, wà níbẹ̀, wọ́n sì bi í níwájú kámẹ́rà bí ó ṣe rí lára rẹ̀ láti padà wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀. Jackson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti lé e nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìdín nǹkan kan kù. Ayẹyẹ náà kò bàjẹ́ nítorí òtítọ́ yìí. Òtítọ́ náà ni ó fún un ní ìtumọ̀.

Boston náà ní irú ìtàn yìí, bí kò tilẹ̀ sí lára ohun tí ògiri ń sọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin 1945, Jackie Robinson àti àwọn aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn wá sí Fenway fún ìdánwò. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n padà. Robinson di ẹni ńlá ní Brooklyn láti 1947, ṣùgbọ́n Red Sox kò lo aláwọ̀ dúdú kankan títí di 1959, ìgbà tí Pumpsie Green wọlé. Àwọn ni ó gbẹ̀yìn nínú gbogbo ikọ̀ ìdíje náà. Ní 2018, wọ́n yọ orúkọ ẹni tí ó ni ikọ̀ náà nígbà yẹn kúrò lára òpópónà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ìgbésẹ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n bá yọ kì í sọ ìtàn fún ọmọdé. Àga pupa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù Williams bà sí. Ó yẹ kí nǹkan kan tí ó hàn gbangba bẹ́ẹ̀ sọ ibi tí Robinson dúró sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbádùn ojú nìkan, Wrigley ni ó yẹ kí ó gba ipò kìíní. Ẹni tí kò mọ òfin eré náà rárá lè jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kẹfà kí inú rẹ̀ dùn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtara, Fenway ni, nítorí kò sí ibi tí ògiri ti ń dá sí ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohun tí pápá àtijọ́ wà fún ni láti jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé, Rickwood ṣáájú àwọn méjèèjì. Òun nìkan ni ó ṣòro láti jókòó nínú rẹ̀ láìbéèrè ẹni tí ó jókòó sí níbí tẹ́lẹ̀, àti ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó jókòó.

Àwọn tí kò fẹ́ràn ilé àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ilé tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lè pa ènìyàn lára. Ní 2004, ègé kọnkéré já bọ́ láti àjà òkè Wrigley, tí wọ́n fi ta àwọ̀n sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó há kì í gba kẹ̀kẹ́ arọ, òpó kì í sì í bẹ arúgbó pé kí ó má bínú. Òtítọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àmọ́ wọn kò fi hàn pé wíwó ni àtúnṣe. Ní 1999, àwọn tí ó ni Red Sox kéde pé àwọn yóò kọ́ pápá mìíràn rọ́pò Fenway. Àwọn tí ó ra ikọ̀ náà ní 2002 yàn láti tún ti àtijọ́ ṣe, ní 2003 wọ́n sì to àga sí orí ògiri àǹjọ̀nnú náà fúnra rẹ̀. Chicago náà bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá lẹ́yìn sáà 2014. Àwọn ilé tí wọ́n ní wọn kò ṣe é tún ṣe mọ́ ṣì dúró lónìí, wọ́n sì lágbára ju ti àná lọ.

Ẹ wo àwọn tí kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ebbets Field ti Brooklyn di ilé gbígbé lẹ́yìn tí wọ́n wó o ní 1960. Ilé ìjókòó Tiger Stadium ní Detroit, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Fenway, wó tán ní 2009. Ó tó ọdún mélòó kan tí àwọn ará ìlú fi ń gé koríko rẹ̀ lófẹ̀ẹ́, láìsí ẹni tí ó rán wọn. Ní Pittsburgh, apá kan ògiri Forbes Field ni ó ṣẹ́ kù. Ní gbogbo ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, àwọn ènìyàn a máa péjọ síbẹ̀ láti tún gbọ́ ìròyìn rédíò eré àṣekágbá 1960, títí dé ìṣẹ́jú tí Bill Mazeroski gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri náà. Àwọn àgbàlagbà jókòó, wọ́n ń dúró de ohun tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹ̀rí ni pé ohun tí wọ́n wó kì í ṣe bíríkì nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn wọ́n dé rèé. Àwọn tí ó sunkún kí wọ́n má wó Fenway àti Wrigley ni ó sọ ilé méjèèjì di iyebíye; iye náà ni ó sì ń lé wọn jáde. Láti oṣù Karùn-ún 2003 títí di oṣù Kẹrin 2013, kò sí eré kan ní Fenway tí wọn kò kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tán. Tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ àti ti Wrigley wà lára èyí tí ó wọ́n jù lọ nínú ìdíje náà. Òrùlé tí ará àdúgbò ń gùn lọ́fẹ̀ẹ́ láti wo eré ti di ibi tí wọ́n ń gba owó ńlá. Ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí. Àlejò tí ó wá ya fọ́tò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jókòó sí ibi tí ó sún mọ́ pápá jù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó bá wọn pàdánù fún ọdún pípẹ́, tí ó bá wọn dúró de ìṣẹ́gun Boston ti 2004 àti ti Chicago ti 2016, ń wo eré náà lórí tẹlifíṣàn.

Àwọn oníkọ̀ yóò ní owó ni wọ́n fi ń tún ilé ṣe, àti pé ilé àtijọ́ kò ní àga púpọ̀ tí wọn yóò tà. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ìtàn àwùjọ pa owó jẹ àwùjọ náà ní gbèsè. Kò ṣòro láti ya àwọn àga kan sọ́tọ̀ ní gbogbo eré, lówó tí òṣìṣẹ́ lásán lè san, fún àwọn ará ìlú àti àwọn ọmọ wọn, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀yìn òpó nìkan ni wọn yóò kó wọn sí. Kò sì ṣòro láti kọ ìtàn àwọn tí wọ́n há mọ́ apá ọ̀tún sí ibi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti tó o.

Pápá tí kò bá ṣe èyí yóò ṣì rẹwà. Itakùn yóò hù, ògiri yóò máa dán, wọn yóò máa fi ọwọ́ gbé nọ́ńbà kọ́. Ṣùgbọ́n àkísà àgbà kì í níye lórí nítorí pé ó gbó. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ dé ibi tí ó dé ni ó sọ ọ́ di ohun ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá pa àkísà mọ́ tí wọ́n lé àgbà jáde, wọn kò tọ́jú nǹkan kan.